Ògúnjọbí Tó Ń Ta Ibòòji

Bí ènìyàn bá dárúkọ olóògbé Ògúnjọbí ní Ìkìrun, ìtàn kan náà ni gbogbo ẹnu máa kọ́kọ́ sọ: ìtàn ọjọ́ tí ó gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tí ìjọba rán wá láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà pàápàá máa ń búra pé àwọn wà níbẹ̀.

Ọdún 1957 ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, òṣìṣẹ́ àgbà kan tí ó ti Òṣogbo wá, gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ìdíkọ̀ rélùwéè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lábẹ́ igi odán ńlá tí Ògúnjọbí ti ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ fún àwọn èrò láti nǹkan bí ogún ọdún. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, Ògúnjọbí kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó já ewé odán kan, ó fà á ya sí méjì, ó fi ìdajì há iwájú mọ́tò, ó sì fún un ní ìdajì kejì. Ọ̀gbẹ́ni náà rò pé bí wọ́n ti ń kí àlejò ní Ìkìrun nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó sì ki ewé náà bọ àárín ìwé òfin tó gbé dání, kí ibi tó fẹ́ kà má bàa sọnù mọ́ ọn lójú.

Òfin náà gùn. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kánsù nìkan ló láṣẹ láti gba owó lórí kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò tí wọ́n bá páàkì síwájú rélùwéè. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọn yóò máa bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò máa parí. Kọ́bọ̀ kan ni wákàtí méjì, ẹni tó bá sì kọjá aago mẹ́rin yóò san ìtanràn ṣílè kan. Kí ó tó kà á tán, oòrùn ti yí, ó ti ń ta sórí mọ́tò. Ojú Ògúnjọbí kò gbà á. Ó pe alábàárù mẹ́rin, wọ́n sì rọra ti mọ́tò náà lọ sí apá ibi tí ibòòji wà. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni gbójú sókè, kò rí mọ́tò.

Ògúnjọbí ní kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó sáà mú ìdajì ewé rẹ̀ wá, kí ó sì san tọ́rọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan bi í bóyá kò gbọ́ òfin tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ni.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa, sà," ni Ògúnjọbí fèsì. "Ẹ ní ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Òní Àbámẹ́ta ni."

Ọkùnrin náà san án. Wọ́n ní nígbà tó dé Òṣogbo, ó lẹ ìdajì ewé náà mọ́ ìwé ìnáwó rẹ̀, kí ìjọba lè dá tọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un, akọ̀wé owó sì kọ̀wé béèrè pé ìdajì yòókù ńkọ́.

Kì í ṣe pé Ògúnjọbí fẹ́ fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìbà àti àwọn abúlé, wọn á fi í sílẹ̀ níwájú rélùwéè, wọn á sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Inísà, Òkukù tàbí Òṣogbo. Oòrùn a máa bẹ́ táyà. Nítorí náà, bí ibòòji odán bá ti ń yí, Ògúnjọbí á máa gbé kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdajì ewé á wà láàárín irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ìdajì á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ibi tó ya lára méjèèjì bá bára mu, kí onítọ̀hún máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Iye tó ń gbà lórí kẹ̀kẹ́ kò dúró sójú kan. Eépìnnì, ìyẹn ìdajì kọ́bọ̀, ni láàárọ̀, kọ́bọ̀ ni lọ́sàn-án gangan, ọ̀fẹ́ ni nírọ̀lẹ́. Àwọn èrò á jiyàn títí, wọn á ní kí ló dé tí ọ̀sán fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Á ní kí wọ́n wo ilẹ̀, kí wọ́n wo bí ibòòji ti kéré tó ní wákàtí yẹn, kí wọ́n sì ka kẹ̀kẹ́ tó ń dù ú. Ẹni tó bá yarí pé òun kò ní san, á ní kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú oòrùn, nítorí òun kì í ta oòrùn. Ṣùgbọ́n bí olúwarẹ̀ bá ti wọ ọkọ̀ lọ tán, Ògúnjọbí á yọ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sábẹ́ igi, á sì tún sáré gbé e padà sínú oòrùn bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ti já owó lulẹ̀.

Ewé yìí ló dá ọ̀rọ̀ Àjàní ará Ìbà sílẹ̀. Àjàní lọ ra ewúrẹ́ ní Òkukù, ó sùn lọ nínú ọkọ̀ bó ti ń bọ̀, ewúrẹ́ sì jẹ ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé Ìkìrun, ó ń wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀, kò rí i gbé.

"Bàbá, ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ kẹ̀kẹ́ mi."

"Mo mọ̀ ọ́, mo mọ kẹ̀kẹ́ rẹ. Ewé ni mi ò rí."

Àjàní ní ewúrẹ́ ló jẹ ewé. Ògúnjọbí ní kí ó mú ewúrẹ́ wá. Ó la ẹnu ẹran náà, ó yẹ eyín rẹ̀ wò, ó rí ìrépé ewé kan, ó sì fi wéra pẹ̀lú ìdajì tó wà lára kẹ̀kẹ́. Ó ní ó bára mu. Ó yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́, ó sì gba eépìnnì lórí ewúrẹ́, nítorí pé abẹ́ ibòòji ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé tí òfin wí dé, kò sí ẹni tí kánsù rán wá. Pátákó nìkan ni wọ́n kàn mọ́ ara odán. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí wọ́n tó kéde pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa gba owó páàkì. Owó oṣù wà, aṣọ kakí wà, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ aago kà, kó sì mọ iye kọ. Ògúnjọbí fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò ní oko, kò mọ iṣẹ́ mìíràn, bí ẹlòmíràn bá sì gba abẹ́ igi náà, kò níbi tí yóò máa lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì ní kó lọ kọ́ aago, kí ló le níbẹ̀.

Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Tísà Keziah, tó kéré sí àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló ń kọ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní tí ó gbé aago síwájú wọn, Ògúnjọbí nawọ́.

"Tísà, ọwọ́ wo ló ń rìn jù nínú méjèèjì?"

"Èyí tó gùn ni, Bàbá."

"Èwo la wá ń tẹ̀ lé tí a bá fẹ́ sọ pé aago báyìí lù?"

"Èyí tó kúrú ni, sà."

Ó mi orí, ó ní ó jọ pé kánsù ló ṣe aago náà.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ilé kò rọgbọ mọ́. Bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bá gbé oúnjẹ alẹ́ wá, á ní kì í ṣe oúnjẹ alẹ́, oúnjẹ aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Obìnrin náà bẹ Ọlọ́run kí wọ́n tètè fún un níṣẹ́ náà, kí ó lè máa lọ ka aago rẹ̀ níta.

Wọ́n pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958. Jọláyẹmí, kánsẹ́lọ̀ tí ọ̀rọ̀ páàkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nawọ́ sí aago ara ògiri, ó ní kí Ògúnjọbí sọ ohun tó wí.

"Ó ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, sà. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Ọkọ̀ aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Aago náà ti kú lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tó kú nínú gbogbo àwọn tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, wọn yóò kọ̀wé sí i. Níta, ó bá Titus, àbúrò ìyàwó Jọláyẹmí, nínú aṣọ kakí tuntun. Aṣọ náà bá a mu láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ògúnjọbí mọ télọ̀ tó rán an, ó sì mọ̀ pé kì í rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì má pé. Titus dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó dáhùn pé aṣọ yẹ ẹ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ó padà sábẹ́ igi. Kò gba eépìnnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí òfin ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún òfin ju àwọn tó ṣe é lọ. Titus jókòó sí apá kan pẹ̀lú tábìlì, tíkẹ́ẹ̀tì àti aago ọwọ́. Ògúnjọbí jókòó sí apá kejì pẹ̀lú ewé. Ọ̀dọ̀ Ògúnjọbí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa èrò ọkọ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Tí ọkọ̀ aago méjì bá dé ní aago márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Titus á ní ẹni tó ti páàkì sọ́dọ̀ òun jẹ ìtanràn ṣílè kan. Ògúnjọbí á ní ọkọ̀ ojú irin ló pẹ́, kí Titus lọ bu ìtanràn lé e.

Ní ọdún 1959, kánsù rán àwọn tó ń gé igi wá. Wọ́n ní gbòǹgbò odán ń ba ọ̀nà jẹ́. Irọ́ ni, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé e. Bí ẹ̀ka kan bá ti bọ́, Ògúnjọbí á kó kẹ̀kẹ́ sún mọ́ ìdí igi, sínú ibòòji tó kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ku kẹ̀kẹ́ Tísà Keziah nìkan lábẹ́ òjìji ara igi náà. Nígbà tí wọ́n gé ìyẹn náà, ó gbé kẹ̀kẹ́ fún tísà, ó gba ìdajì ewé rẹ̀, ó sì jókòó. Àwa tí a ti ń gbádùn abẹ́ igi yẹn láti ogún ọdún dúró, à ń wò. Nígbà tí àwọn agégi lọ tán, a ṣa ẹ̀ka rẹ̀ lọ sílé, a fi dáná. Ó dùn mí títí di òní.

Láti ìgbà náà, a ń páàkì sínú oòrùn, à ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, à ń san ṣílè nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́. Ògúnjọbí kò yé wá. Á jókòó sórí kùkùté igi náà láàárọ̀, á máa kí kẹ̀kẹ́ kí ó tó kí ẹni tó gùn ún. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí ojú wa má bàa kan tirẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ó kú ní ọdún 1964.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, Jọláyẹmí dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ní olóògbé jẹ́ ọ̀rẹ́ kánsù. Ọ̀ṣúnkẹ́mi bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó jọ̀wọ́ jókòó. Titus ló wá dìde, a sì rò pé òun náà yóò parọ́.

Titus ní òun fẹ́ sọ ohun tí òun ti fi pa mọ́. Ó ní òun kò dá kẹ̀kẹ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì rí. Ní gbogbo ọdún márùn-ún yẹn, bí ẹnìkan bá mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, òun á kọ́kọ́ wo ojú Bàbá lórí kùkùté. Bí Bàbá bá mi orí, olè ni. Ó ní ó tó kẹ̀kẹ́ mẹ́tàlá tí Bàbá gbà là báyìí. Òun fi owó lọ̀ ọ́, Bàbá kò gbà. Ní ọjọ́ kan, òun ní láti bi í.

"Mo ní, 'Bàbá, ẹ ò bínú sí mi ni?' Wọ́n ní, 'Mo ń bínú sí ọ gidigidi. Kẹ̀kẹ́ ni kò ṣẹ̀ mí.'"

A bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ bí Ògúnjọbí ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀ṣúnkẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ òun kò dárí ji ẹnì kankan nínú wa, ká má tan ara wa. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà dákẹ́ lẹ́nu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ràn rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ju bí a ti fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ, kò sì sí ohun tí ìyẹn lè ṣe fún un mọ́.