Fọ́tò Ìdí Ààrò

Màmá mi bọ́ aṣọ ọrùn mi, wọ́n sì gbé ti Táyé wọ̀ mí. Àǹkárá kan náà ni, àfi pé bọ́tìnnì ti já lára tirẹ̀.

"Ó yá, bọ́ sí apá òsì. Má sunkún. Ìwọ ni Táyé báyìí."

Táyé, ìkejì mi, ti bá ibà lọ. A ò yà á ní fọ́tò rí. Gbogbo ìgbà ni Màmá ń sọ pé ó di Kérésì. Àṣà wa nígbà náà ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, lápá ọ̀tún nínú aṣọ tirẹ̀, lápá òsì nínú aṣọ ẹnì kejì, á wá so wọ́n pọ̀ sórí pépà kan. Irú rẹ̀ wà lára ògiri ilé púpọ̀ n'Íkìrun, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́.

Pálọ̀ aládùúgbò wa, Baba onífọ́tò, la ti ń yà á. Òórùn aṣáà wọn àti ti omi kíkan tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò kì í kúrò níbẹ̀. Àrà wọn kan wà tó máa ń pa ará àdúgbò lẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà ò bá sí, wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Inísà tàbí Òkukù, wọ́n á máa ya àwọn tí ò bẹ̀ wọ́n: Hausa tó ń rán bàtà, obìnrin Fúlàní tó ru wàrà, ọlọ́kadà tó ń lẹ táyà.

"Baba, ta ló máa ra fọ́tò ẹni tó ń lẹ táyà?" ni àwọn ará àdúgbò máa ń bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó máa rà á. Mo kàn fẹ́ kó wà ni."

Níjọ́ tí mò ń wí yìí, Baba ti tẹ ojú mọ́ kámẹ́rà nígbà tí mo figbe ta. "Èmi kọ́! Èmi kọ́ ni Táyé!" Màmá bẹ̀ mí títí, àwọn náà wá bú sẹ́kún.

"Baba, ojú ẹ̀ ti ń parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn. Ṣé n ó wá gbàgbé ojú ọmọ mi ni?"

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Ó dùn mí ju ikú Táyé lọ, torí pé ikú ò tíì yé mi.

"Ìyá Ìbejì, ní sùúrù," ni Baba wí. "Bọ́ aṣọ yẹn lọ́rùn ọmọ."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé páálí kan jáde, wọ́n sì ń na fíìmù sókè sí ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ń wò ó: àwọn èèyàn orí funfun, eyín dúdú. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí wọ́n tó dúró lórí ọ̀kan. Wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Nígbà tó yá, wọ́n mú fọ́tò náà wá fúnra wọn. Màmá rèé nídìí ààrò, wọ́n ń yan gaàrí, ìró ní àyà, irun wọn rí jágajàga. Mo rántí ọjọ́ náà, ṣe ni Màmá fi ìgbálẹ̀ lé Baba: "Ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni!" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Táyé wà, gaàrí kún ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín ti bò mí lójú.

Baba mọ bí Màmá ṣe fẹ́ràn oge tó.

"Mo lè gé apá tìẹ kúrò, kó ku àwọn ọmọ."

Màmá fi ìka kan ọwọ́ Táyé nínú fọ́tò náà.

"Ẹ má gé mi, Baba. Ìró mi ló dì mú."

Fọ́tò náà lọ sára ògiri pálọ̀ wa. Àwọn àlejò máa ń fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀, Màmá tí kì í jáde láì di gèlè, síbẹ̀ Màmá ò yọ ọ́. Baba ti kú tipẹ́. Lónìí tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, n kì í ní kí àwọn ọmọ mi nu ẹnu kí n tó yà wọ́n. Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ni èmi nínú fọ́tò ìyá àgbà. Mo máa ń fi èéfín hàn wọ́n. Kò dùn mí rárá. Wọ́n ti yà mí ní fọ́tò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà yẹn. Ìyẹn nìkan ni ti Táyé.