Etí Bàbá Mi àti Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ́ Òkúta

Òórùn dísẹ̀lì àti eruku òkúta ló máa ń jí mi láàárọ̀. Ara aṣọ kàkí tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́ ló ti ń wá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń fi í kọ́, bó bá sì ti gbọn ọ́n kó tó wọ̀ ọ́, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí sín.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. A ti kúrò ní abúlé wa ní Ọ̀wọ́rọ̀ wá sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Crusher ní Lọ́kọ́ja, nítorí wọ́n ń la títì, wọ́n sì ń wá ọkùnrin tó lágbára. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ni wọ́n fi bàbá mi sí. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, àyà ènìyàn á máa gbọ̀n. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, ọwọ́ kan lórí abọ́, ìka kan nínú etí. Bàbá á fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Òwe tirẹ̀ nìyẹn. Mo kórìíra òwe náà báyìí.

Nírọ̀lẹ́, bàbá kì í gbọ́ran dáadáa. Ìyá mi á pè é títí, á wá lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Etí rẹ̀ á sì máa hó. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti sàn díẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tí kò sí iṣẹ́ ló máa ń gbọ́ ohun gbogbo, títí kan òfófó tí èmi àti ìyá mi bá ń sọ nídìí ààrò.

Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló là á yé mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé etí fúnra rẹ̀ ló ń gba ara rẹ̀ là. Bí ariwo bá pọ̀ jù, inú etí lọ́hùn-ún á dín ìgbọ́ràn kù, bí a ṣe ń ti fèrèsé nígbà tí ìjì bá ń jà. Bó bá rí ìsinmi, á tún ṣí i. Ṣùgbọ́n ìjì tí kò bá dáwọ́ dúró, yóò já fèrèsé.

Ta ló sọ fún wa nígbà náà? Fọ́máànù tó ń darí iṣẹ́ wọn sọ pé etí bàbá ti ń gbó ni, pé bí etí ọkùnrin gidi ṣe máa ń le nìyẹn. Fọ́máànù yìí kan náà ní nǹkan dúdú méjì tó fi ń bo etí tirẹ̀, bí ìdajì èèpo àgbọn. Mo fi ojú ara mi rí i. Mo bi bàbá léèrè, ó ní òtútù ni ọkùnrin náà ń sá fún. Òtútù, nínú oòrùn Lọ́kọ́ja.

Nígbà tó yá, wọ́n ní títì ń pẹ́, wọ́n gba Ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ wọn. Híhó etí bàbá kò lọ mọ́. Nílé wa, bí etí òsì bá ń hó, a gbà pé ẹnìkan ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni ní búburú. Bàbá ronú kan àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, nítorí wọ́n ti jọ fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Kékeré ru iṣu wá láti abúlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kí i, "Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n." Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fọ ẹsẹ̀. Bàbá Kékeré bọ́ síwájú rẹ̀, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni ẹ ò dá lóhùn?"

"Ìwọ tí o ti ń bú mi láti àárọ̀, o tún ru iṣu wá."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Etí mi gbọ́ ọ."

Ìyá mi ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ ò gbọ́ tèmi tí mo wà nínú ilé, tẹni tó wà lábúlé ni ẹ gbọ́." Bàbá kò gbọ́ ìyẹn náà. Bàbá Kékeré gbé iṣu rẹ̀ padà sórí, ó lọ.

Mo ti lọ́kọ kí Bàbá Kékeré tó tún wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Ṣé ó ṣì ń bú mi?" Mo mi orí pé rárá. Kò gbà mí gbọ́, títí tó fi kú.

Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ti kó ẹrù wọn lọ, wọn ò bi í pé báwo ni. Inú ń bí mi sí wọn, ó sì tún ń bí mi sí ọmọ yẹn tí mo jẹ́. Gbogbo ọ̀sán ló máa ń kúnlẹ̀ kí fọ́máànù, torí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin náà á ṣí nǹkan dúdú náà kúrò ní etí kan kó lè gbọ́ ìkíni rẹ̀, ọmọ náà á rò pé iyì ni wọ́n fún òun. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí, orúnkún mi ò sì dára mọ́. Bó tilẹ̀ dára, n kò ní kúnlẹ̀.