Obìnrin Tí Wọ́n Máa Ń Kà Lé Mi Lórí

Ara mi kì í balẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkọ mi ló ń sọ ọ́ báyìí. Tí mo bá jókòó nínú ìjọ, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ ìró, ojú mi á máa wá ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ kan sì wà lọ́dún tó máa ń burú ju ti ìyókù lọ, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa ń pe àwa obìnrin tí kò bímọ jáde.

Ìjọ Yorùbá ni ìjọ wa. Inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Vai Town, lórílẹ̀-èdè Liberia níbí, la ti ń pàdé, dókítà, tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì ló sì pọ̀ jù nínú wa. Ẹnjiníà ni ọkọ mi ní Bushrod Island. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Gardnersville, níbi tí ilé wa náà wà. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a óò kúnlẹ̀ níwájú, wọ́n á wá ka ìtàn obìnrin inú Májẹ̀mú Láéláé tó lọ sunkún nílé Ọlọ́run títí tó fi bí wòlíì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí wọ́n ti fi orúkọ náà pè mí tó. Wọn kì í sì í kà á tán. Wọ́n á ka ibi tó ti yàgàn, wọ́n á fò dé ibi tó ti lóyún, ìjọ á ṣe àmín, èmi á dìde, màá gbọn eruku kúrò ní orúnkún. "Tiyín náà ń bọ̀ lọ́nà," ni wọ́n á máa wí. Tó bá di ọjọ́ kejì, mo tún ti dúró ní kíláàsì níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, nígbà tí pásítọ̀ tuntun dé láti Nàìjíríà, tó sì kéde pé Májẹ̀mú Láéláé ti parí iṣẹ́ rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín síta. Ó ní òun ti rí ohun tí àwa Yorùbá ń fi Sáàmù ṣe: à ń kà á sínú omi, à ń fi lé ọ̀tá, a ti sọ ọ́ di àgúnmu. Kò parọ́. Èmi náà mọ àwọn tó ń ki Bíbélì bọ abẹ́ ìrọ̀rí nítorí àlá. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ pátá ló gbé kúrò lórí pẹpẹ.

"Àwọn Júù ló ni ìyẹn," ó ní. "Àwa ti wà lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́. New Testament nìkan la óò máa kà."

Ìyá ìjọ, àgbà obìnrin tó ń darí àdúrà àwọn ìyá, na ọwọ́ sókè. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni Jésù fúnra rẹ̀ wá kà nígbà tó wà láyé?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí màmá má bínú. Èmi ò dá sí i. Ohun tí mò ń rò ni pé wọn ò ní pè mí jáde mọ́.

Mo tan ara mi jẹ. Obìnrin inú ìtàn náà ni wọ́n gbé lọ, orúnkún tèmi ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, pásítọ̀ ní kí olúkúlùkù wa mú aṣọ ọmọ tuntun kan wá. A óò gbé e sókè, a óò máa wí pé ọmọ ti dé. Ẹkún kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, nítorí àìgbàgbọ́ ni ẹkún. Mo gbé fìlà kékeré kan sókè, mo sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Ó yà mí lẹ́nu pé àárò ìtàn yẹn sọ mí díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń kà á, ó kéré tán, obìnrin kan nínú ilé yẹn láṣẹ láti sunkún.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọjọ́ náà ti sún mọ́lé, dókítà tó ń tọ́jú wa sọ fún èmi àti ọkọ mi pé ẹyin inú mi ti tán. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe. A délé. Mi ò lè jókòó. Mo gbálẹ̀, mo tún un gbá. Mo rìn dé ọjà, mo rìn padà láìra nǹkan kan. Aládùúgbò wa, ọmọ Liberia, kí mi láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Teacher, how the body?" Mo ní, "Tryin' small," pé mò ń gbìyànjú díẹ̀, bí gbogbo ayé ti ń dáhùn níbí, mo sì kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ sunkún níwájú Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò mọ ibi tí mo ti lè ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dá mi dúró sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ṣí Bíbélì mi, mo wá obìnrin náà lọ. Ká sòótọ́, mo fẹ́ bá a jà ni. Mi ò fi ojú ara mi ka ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rí. Wọ́n máa ń kà á lé mi lórí ni. Orogún rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín lọ́dọọdún, ìgbà tí wọ́n bá lọ sin Ọlọ́run gan-an sì ni. Lọ́dọọdún, bíi tèmi. Ó ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde, àlùfáà wò ó, ó ní ó ti mutí yó. Mo dúró síbẹ̀. Wọn ò ka ibẹ̀ sí mi létí rí. Ìwé tí wọ́n ní ó ti gbó yìí ló ń sọ fún mi pé àlùfáà lè wo obìnrin tó ń jẹ̀rora kó sì ṣì í mọ̀. Obìnrin náà fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ ni. Àlùfáà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì súre fún un pé kó máa lọ ní àlàáfíà. Ojú obìnrin náà túká, bẹ́ẹ̀ kò tíì lóyún rárá. Mo tún ibẹ̀ kà. Wọ́n gbọ́ ọ ná, kí ọmọ tó dé.

Mo wá rántí pé lórí igi àgbélébùú, Sáàmù ni Jésù fi ké pe Baba rẹ̀, ẹkún tí ẹlòmíràn ti sun kí wọ́n tó bí i. Tí a bá da ẹkún àkọ́kọ́ yẹn nù, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń wí?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n pe àwa obìnrin jáde, mo bọ́ síwájú lọ́wọ́ òfo. Pásítọ̀ tẹ orí ba, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Mà, aṣọ ọmọ yín dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ smile, mà. Ẹ má jẹ́ kí devil rí ojú yín báyìí."

"Rárá, sà," mo ní, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Dókítà ti ní mi ò lè bímọ mọ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo wá sunkún fún Ọlọ́run ni."

Mo bá sunkún. Ẹkún náà kò ṣeé wò; ikun bo ẹnu mi, gèlè mi ṣubú. Pásítọ̀ dúró, máíkì lọ́wọ́. Èèyàn burúkú kọ́. Mò ń retí kó ṣe bí àlùfáà àtijọ́ yẹn ti ṣe, àmọ́ kò mọ ohun tó kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé tí ìtàn náà wà nínú rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Ìyá ìjọ ló dìde, tó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

"Máa lọ ní àlàáfíà, ọmọ mi," ó ní.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ọkọ mi tẹjú mọ́ ọ̀nà. Mo rò pé ojú ń tì í pé mo tú àṣírí wa síta. Kí a tó kọjá Freeport, èbúté ọkọ̀ ojú omi, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sí, ó sì paná ọkọ̀.

"Wọn ò pe èmi jáde rí," ó ní.

Ó gbé orí lé sítíárìn, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò sọ fún un pé kó má sunkún.