Bí Mo Ṣe Wá Igi Mọ́sálásí Lọ sí Ìdáàṣà

Ìdájí ni mo kúrò ní Ìmẹ̀kọ, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Faransé gbé ìjọba Dahomey sílẹ̀. Káfíńtà ni mí. Àwọn àgbà rán mi lọ ra igi tíìkì fún òrùlé mọ́sálásí wa. Bí òrùlé náà bá wó, orí wọn ni yóò wó lé, orúkọ mi á sì bá a lọ.

Ní Kétu, lódìkejì ààlà, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù gba ọ̀ọ́dúnrún owó sefa lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá iye tí gbogbo ayé ń san nìyẹn. Ó ní, "Ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀gbọ́n." N kò rẹ́rìn-ín. Eruku pupa bò wá títí a fi rí òkè Ìdáàṣà.

Ní Kpingni, abúlé kan níbẹ̀, àgbẹ̀ kan, Bàbá Tọmá, gbà mí lálejò. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán, tí wọ́n ń pè ní agú. Èdè wọn jọ tiwa, ṣùgbọ́n ibi tí n kò ti gbọ́ ni mo rò pé wọ́n ti ń rẹ́ mi jẹ. Lọ́dọ̀ wa, inú igbó la ti ń wá ọ̀pá tí iṣu ń fà mọ́. Ẹ̀ka tíìkì ni wọ́n ń gé fún un níbẹ̀.

Igi ẹ̀bá ọ̀nà oko rẹ̀ gùn gbọọrọ, ara wọn ń dán. Ó ní kí n má mú wọn. "Ẹ̀ka ńlá ni mo gé lára wọn fún iṣu nígbà tí wọ́n kéré. Èèpo ti bo ojú ọgbẹ́, inú ló bàjẹ́." Ó tọ́ka sí àwọn kan lẹ́yìn àpáta tí ẹnikẹ́ni kò gé rí, tí wọ́n wọ́, tí wọ́n kún fún kókó. Ó dá mi lójú pé ó ń fi èyí tó dára pamọ́ fún oníbàárà mìíràn. Mo ní ti ẹ̀bá ọ̀nà ni mo fẹ́.

"Ìwọ ni káfíńtà," ló wí.

Àwọn ará oko rẹ̀ gé mẹ́ta lulẹ̀. Ìdí wọn le koko, mo sì ń wo bàbá náà bí ẹni tí mo ká mọ́ ibi olè. Nígbà tí ayùn dé ibi tí ẹ̀ka wà tẹ́lẹ̀, erùpẹ̀ dúdú ló ń dà jáde. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú tì mí gan-an. Bàbá Tọmá gbé àáké, ó gba ẹ̀yìn àpáta lọ.

Nígbà tí a já igi ẹ̀yìn àpáta náà sílẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, àwọn àgbà bi mí pé ta ló ta igi wíwọ́ fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: igi tó ń dán lè ti rà nínú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lé wọn lórí.

Lèmọ́mù wa bi mí pé, "Àwọn ilé tí o ti fi igi dídán kọ́ sẹ́yìn ńkọ́?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àkàbà àti òòlù, mo ń kan igi òrùlé àwọn ilé tí mo ti kọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá inú wọn ti rà. Ilé Lèmọ́mù ni mo ti bẹ̀rẹ̀.