Ọ̀dà Agbabu àti Ọ̀fun Ọkùnrin

Títí di òní, bí obìnrin bá pariwo nínú fíìmù, etí mi máa ń gbọ́ òṣé tíṣà sáyẹ́ǹsì obìnrin kan tí wọ́n gbé wá sí Ore nígbà tí ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí ìlú le koko. Nínú ilé fídíò lẹ́bàá gáréèjì, àárín àwa ọkùnrin ló máa ń jókòó sí. Bí ohun abàmì bá ti ojú sánmà bọ́ sílẹ̀, tí obìnrin inú fíìmù figbe ta, tíṣà á pòṣé: “Ṣé ọkùnrin ò lọ́fun ni?”

“Tíṣà, iṣẹ́ obìnrin nìyẹn o!” la máa ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, a wo èyí tí ohun dúdú kan ń sun jáde látinú ilẹ̀, tó ń gbé èèyàn mì. Ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó ń sun látinú ilẹ̀ lẹ́bàá oko mi ní Agbabu ló sọ sí mi lọ́kàn. Èmi baba ilé, mo wá ń bẹ̀rù oko ara mi. Kòkó tí a fi ń jẹun sì ń jẹrà lórí igi.

Tíṣà gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.”

Nígbà tí a dé oko, oòrùn ti mú ọ̀dà náà rọ̀. Tíṣà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Igbe ńlá sọ, àwọn ẹyẹ fò lọ. Èmi ni mo ké.

Tíṣà fa ọwọ́ yọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. “Ọkùnrin lọ́fun o! Bọ̀dá, ẹ mú àdá yín, kòkó ń dúró.”

Mo mú un.