Ìkòkò Kan fún Ẹnu Mẹ́rin

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi já sínú tíì mi láàárọ̀ ọ̀la.

Mangu, opó àdúgbò wa nílùú Amdavad ní Íńdíà, kò fi ẹran kan ahọ́n rí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹran nílé rẹ̀. Síbẹ̀, ìkòkò mẹ́ta ló ń gbé kaná lójúmọ́! Kanchan, ìyá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Jain, kì í jẹ ohun tí wọ́n bá hú nílẹ̀. Mangu fúnra rẹ̀, ọmọ ilé olùsìn Krishna, ń jẹ ọ̀dùnkún ní tirẹ̀, àmọ́ àlùbọ́sà àti aáyù, èèwọ̀ ni. Hemal ọmọ rẹ̀ ń yọ́ ẹyin jẹ níta. Urvi, ìyàwó Hemal, kì í tilẹ̀ fẹnu kan wàrà, bọ́tà tàbí oyin, torí ara ẹranko ni wọ́n ti wá.

Lọ́jọ́ kan, ó ku ọ̀la kí tọkọtaya náà kó lọ sí ìlú Pune. Mangu ní dandan ni kí gbogbo àwọn jẹ nínú ìkòkò kan, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú rọ́pò ọ̀dùnkún, ó fi òróró sè é.

“Màmi, ẹyin tèmi ńkọ́?”

“Hemal, lọ yé e fúnra rẹ!”

Mangu yan róótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ogún. Ọwọ́ tó ti ń ṣe é láti ogójì ọdún kò béèrè lọ́wọ́ orí: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń kúrò lórí iná ló ń fi bọ́tà pa á.

Urvi ló rí i. “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú… bọ́tà mà nìyẹn.”

“Yéè! Ọwọ́ burúkú!”

Ó bá tún ìyẹ̀fun pò. Kanchan wà lórí àga jangirọ́fà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ọ̀run. Bí òòrùn bá ti wọ̀, oúnjẹ parí fún un nìyẹn.

“Mangu, òòrùn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ o.”

“Màmá, ó ku díẹ̀!”

“Díẹ̀ náà ló ń wọ̀ yẹn.”

Nígbà tí róótì tuntun fi máa jinná, ilẹ̀ ti ṣú.

“Ẹ máa jẹun,” ni Kanchan wí. “Èmi ti pa ẹnu dé.”

“Òkèlè kan ṣoṣo, Màmá.”

“Ìyàwó mi, ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń pa á mọ́. Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni màá tìtorí rẹ̀ bà á jẹ́?”

Bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ tó bá sùn di ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ wọ ẹnu màmá yìí. Mangu gbé abọ́ Kanchan jáde, ó da oúnjẹ inú rẹ̀ síwájú màlúù kan tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn.

“Jẹ ẹ́! Ìwọ nìkan ni kì í bi mí ní ìbéèrè!”

Màlúù lá gbogbo rẹ̀ tán, ó gùnfẹ̀. Mangu jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n pè é, pè é, kò wọlé jẹun.

Gígùnfẹ̀ màlúù nìkan ni mo fi kún un.