Àsálà Ni Tìyá, Igi Ni Tọmọ

Nígbà tí Odette Lavergnas ń ṣe ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì Fournol, tí gbogbo wa ń fi oyè pè ní Métìrì, nótárì ìlú kékeré wa létí odò Dronne nílẹ̀ Faransé, orí Métìrì pá débi pé eṣinṣin tó bá bà lé e, yíyọ̀ ló ń yọ̀ ṣubú. Odette ló ń gbọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ń ra ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa. Bó bá pe "nótárì", wọ́n á rò pé ẹni tó ń lu ìwé lóǹtẹ̀ lásán ni. Nótárì tiwa, òun ló ń kọ àdéhùn ìgbéyàwó, òun ló ń ta ilé, òun náà ló ń pín ogún.

Lásìkò ìkórè àsálà òyìnbó kan, irú èyí tó ń so lórí igi ńlá, opó kan, Winifred Ashdown, wọlé wá. Cedric ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi ilé wọn sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Métìrì mi orí.

"Sọ fún màdáàmù pé Cedric bímọ kó tó fẹ́ ẹ. Níbí, bàbá kò lè yọ ọmọ kúrò nínú ogún."

"Julian tó ti pẹ́ tó ti ń fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀?" ni Winifred wí. "Lọ́dọ̀ wa, bó bá wu èèyàn, ajá ló máa kó o fún."

"Lọ́dọ̀ tiwa, ajá á dúró kọ́mọ kọ́kọ́ mú."

Métìrì ní ọ̀nà kan wà ṣá: kí ilé jẹ́ ti Julian, kí Winifred sì máa gbé ibẹ̀, kó máa jèrè rẹ̀ títí ọjọ́ ikú, ohun tí à ń pè ní àgbélò.

"Kí n máa sá pamọ́ nílé ọmọ ọlọ́mọ? Lọ́jọ́ tínú bá bí i, á lé mi. Ẹ gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i pé mi ò gba nǹkan kan mọ́."

Odette mọ̀ pé bó bá fọwọ́ sí i, ibùsùn tí Cedric kú lé lórí lọ nìyẹn. Ó wojú aago.

"Métìrì, oúnjẹ ọ̀sán ti tó."

Lọ́dọ̀ wa, ọba ì báà wá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ síwèé tí ọbẹ̀ bá ti ń hó. Métìrì ti dé fìlà. Odette fa Winifred lọ sílé ara rẹ̀, níbi tí Léonie, ìyá rẹ̀, ti ń ṣa àsálà lábẹ́ igi, tí oje èèpo àsálà ti mú kí ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti kékeré Odette ni bàbá ti kú. Odette ló jogún ilé, òun ló nigi; ìyá ló ń gbé ibẹ̀, òun ló ń jèrè rẹ̀.

"Maman, mo fẹ́ gé igi yìí."

Ìyá kò gbójú sókè. "Gé e lọ́jọ́ tí mo bá kú. Igi ni tìẹ, àsálà ni tèmi. Gbé apẹ̀rẹ̀ wá."

"Èmi tí mo nigi lẹ ń rán níṣẹ́?"

"Olówó igi, apẹ̀rẹ̀."

Odette túmọ̀ rẹ̀. Winifred bi ìyá pé, "Ṣé kò lè lé yín?"

"Ta ló ń lé ta? Bó bá tún jìyàn, èmi ni màá lé e."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lè gé e?"

"Rárá o. Èmi náà ò gbọdọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí igi fi dàgbà báyìí."

Winifred jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣa àsálà. Nígbà tí Métìrì jẹun tán, ọwọ́ dúdú ló fi gba ilé àgbélò, tó sì fi fọwọ́ síwèé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Julian wá wo ohun ìní rẹ̀, ó fajú ro bí ẹni tó jẹ orógbó. Apẹ̀rẹ̀ ni Winifred nà sí i lábẹ́ igi àsálà ilé náà. Látìgbà náà, kò pa ìkórè kan jẹ.

Winifred ti lọ báyìí, Léonie náà ti lọ. Julian ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ àsálà sẹ́nu ọ̀nà Odette. Odette alára ti darúgbó. Igi òun àsálà ti di tirẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kó má gé e. Kò gé e. Bí atẹ́gùn bá gbọn àsálà sílẹ̀, ó máa ń jókòó díẹ̀ kó tó dìde, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n rán òun lọ gbé apẹ̀rẹ̀ wá.